Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n: ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jẹ Valium nítorí ìrora abẹ́, ọ̀rọ̀ yín rèé o

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì yára ṣí i lọ sójú ewé táwọn òṣèré wà. Ọ̀rọ̀ abẹ́ tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti àlè, kì í sì í ṣe ti mágùn. Ìrora ni. Ìrora kan wà tó máa ń fìdí kalẹ̀ sáàárín ìdí àti ojú ara, tí ọkùnrin ń ní, tí obìnrin náà ń ní. Kò ṣe é fi han aládùúgbò, kò sì rọrùn láti ròyìn ẹ̀ fún ọkọ tàbí ìyàwó ẹni láì wo ilẹ̀. Torí ìtìjú yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń dá a gbé, tí wọ́n ń dá a tọ́jú, tí wọ́n sì ń ti ara wọn látinú ọ̀fìn bọ́ sínú kòtò. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi awakọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó ni mò ń bá wí o, àfiṣàpèjúwe lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má wá ká mi mọ́ gáréèjì. Ọkùnrin yìí ń gbé Ìjẹ̀dẹ̀, dánfó ló fi ń kó èrò lọ sí Ìkòròdú. Aago márùn-ún ìdájí ló ti ń jókòó sídìí sítíárìn, ilẹ̀ á sì ti ṣú pátápátá kó tó sọ̀ kalẹ̀. Síìtì ọkọ̀ ti le bíi pákó, ibi tí kò bá sí kòtò lójú ọ̀nà, ẹni tó wà níwájú á tẹ búrèkì lójijì. Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun kan tó ń ta á bí ata nísàlẹ̀ ibi tó fi jókòó. Tó bá dìde, á rọlẹ̀. Tó bá tún jókòó, á tún dé.

Kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ra àgbo. Àgbo ò gbọ́. Ẹlòmíì ní àtọ̀sí ni, ó gba abẹ́rẹ́. Ẹlòmíì tún ní kòkòrò tí wọ́n ń pè ní sítáfù ló wọ̀ ọ́ lára, ó gba abẹ́rẹ́ mìíì, owó tún lọ. Nígbà tí kò rí oorun sùn mọ́ torí ìrònú, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì. Wọ́n fún un ní Valium. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn bí ọmọ tuntun, ìrora náà sì fà sẹ́yìn. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, hóró kan ò ràn án mọ́, ó di méjì. Tó bá máa fi tó ọdún kan, ìrora ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Tí kò bá sì jẹ oògùn náà lálẹ́ ọjọ́ kan, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, àyà ẹ̀ á máa já, abẹ́ ẹ̀ á máa jó bíi pé wọ́n da iná sí i. Ó wá di ẹni tó ní àìsàn méjì. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lónìí, yálà awakọ̀ ni yín, yálà télọ̀ tó ń jókòó ti máṣíìnì ní Ìkòròdú, tàbí ìyá tó ń ta ẹja lórí àpótí lẹ́bàá ọ̀sà.

ÌRORA WO TILẸ̀ NI?

Nínú ara wa, àwọn iṣan kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Nerve làwọn òyìnbó ń pè é. Akọ̀ròyìn lásán-làsàn ni wọ́n. Ẹsẹ̀ gbá òkúta, wọ́n á ròyìn. Ọwọ́ kan iná, wọ́n á ròyìn. Èyí tó ń ròyìn abẹ́ ni wọ́n ń pè ní pudendal. Ẹ wá gbọ́ ibi tí orúkọ ọ̀hún ti wá: látinú èdè Látìn ni, ìtìjú ló sì túmọ̀ sí. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa Yorùbá nìkan lojú ń tì!

Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣan yìí ti ń bọ̀, tọ̀tún tòsì ló sì ní. Ó máa ń gba inú ọ̀nà tóóró kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tá a fi ń jókòó. Benjamin Alcock, oníṣègùn ará Ireland kan, ló ṣàpèjúwe ọ̀nà náà ní 1836, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é dòní. Ọ̀nà tó há báyìí, tí wọ́n bá ń jókòó lé e láàárọ̀ dalẹ́, tàbí tí èèyàn ṣubú lé ìdí, tàbí tí obìnrin rọbí tó le, tàbí tí ìgbẹ́ ń le tí èèyàn ń fi gbogbo agbára kún, iṣan inú ẹ̀ lè bínú. Ní 1987, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kọ̀wé lórí bó ṣe ń ṣe àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun ọ̀kadà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ni? Àwọn dókítà ìlú Nantes nílẹ̀ Faransé kan náà kó àmì márùn-ún jọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2008. Ìrora náà máa ń wà ní gbogbo ibi tí iṣan yìí dé, láti ihò ìdí títí dé ojú ara. Jíjókòó ló máa ń mú un le. Kì í sábà jí èèyàn lójú oorun. Tí dókítà bá fọwọ́ kan ibẹ̀, kò ní kú tipiri. Tí wọ́n bá sì gún abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣan náà lára, ìrora á rọlẹ̀. Nǹkan míì tó tún máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá jókòó sórí ṣáláńgá òyìnbó tó ní ihò láàárín, ara máa ń tù wọ́n ju ti àga lọ.

Ẹ ṣọ́ra o, mi ò ní kí ẹ ka ìwé ìròyìn kẹ́ ẹ wá di dókítà. Àrùn ojú ilé ìtọ̀, prostate, fíbírọ́ìdì àti jẹ̀díjẹ̀dí gidi náà máa ń mú ibẹ̀ ro, àyẹ̀wò ló sì máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí abẹ́ bá kú tipiri, tí ẹsẹ̀ ò lágbára mọ́, tí ìtọ̀ ò jáde tàbí tí kò ṣe é sé, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi dọ̀la.

VALIUM ÀTI ÀWỌN ÀBÚRÒ Ẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀. Ilé iṣẹ́ Roche ló gbé Valium jáde ní 1963, Leo Sternbach lorúkọ onímọ̀ tó ṣe é. Diazepam ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Lexotan táwọn èèyàn wa mọ̀ dáadáa, ẹbí ẹ̀ ni. Oògùn náà wúlò. Tí gìrì bá mú èèyàn, òun ni wọ́n sábà máa ń gún. Ṣùgbọ́n ayé sọ ọ́ di gúgúrú. Ní Amẹ́ríkà, hóró tó lé ní bílíọ̀nù méjì ni wọ́n tà lọ́dún 1978 nìkan.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọpọlọ wa ní búrèkì tiẹ̀, ohun tó máa ń fi tu ara ẹ̀ lára. Tẹ́ ẹ bá jẹ Valium, ńṣe ló dà bíi pé ẹlòmíì wá bá yín tẹ búrèkì yẹn. Ara á rọ̀, àwọn iṣan tó há á tú, ìrora á dínkù. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ wa fi sùn lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ara ò gọ̀. Nígbà tó rí i pé ẹlòmíì ti ń bá òun tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ búrèkì tiẹ̀. Hóró kan ò ní tó mọ́. Tí ẹni tó ń báa tẹ̀ ẹ́ bá wá gbé ẹsẹ̀ kúrò lójijì, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ sọ fún mi, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ tó wà lórí òkè?

Kì í ṣe òní làwọn aláṣẹ ti ń pariwo. Ní 1988, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó oògùn ní ìlú òyìnbó sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin péré ló yẹ kí wọ́n máa lo irú oògùn yìí dà. Ní 2020, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó lágbára jù lọ sára ẹ̀, pé ó lè di bárakú, àti pé fífi í sílẹ̀ lójijì lè pa èèyàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin! Mélòó nínú wa ló ti jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́rin?

ÌYÀWÓ ÀÀRẸ AMẸ́RÍKÀ NÁÀ BỌ́ SÍ I

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn ọmọ ìta nìkan nirú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Betty Ford, ìyàwó Gerald Ford tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1974 sí 1977, iṣan ọrùn ẹ̀ ló há ní 1964. Ìrora iṣan ló bá débẹ̀, bíi tiyín gẹ́lẹ́, ibì kan ni kò jọ. Àwọn dókítà ló kọ oògùn fún un, kò jí i rà. Wọ́n fún un ní ti ìrora, wọ́n fún un ní ti ìfọ̀kànbalẹ̀, ó ń fi ọtí lé e. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 1978, ọkọ àtàwọn ọmọ ẹ̀ pé jọ, wọ́n jókòó tì í nínú ilé, wọ́n sì sọ òkodoro ọ̀rọ̀ fún un. Inú bí i, ó sunkún, ṣùgbọ́n ó gbà. Ilé ìwòsàn àwọn ológun ojú omi ní Long Beach ni wọ́n ti tọ́jú ẹ̀. Kò fi bò. Ó sọ ọ́ síta gbangba, ó kọ ọ́ sínú ìwé, nígbà tó sì di 1982, ó wà lára àwọn tó dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní California. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ni nígbà tó kú ní 2011.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo fà yọ. Àkọ́kọ́, ìrora gidi ló gbé e débẹ̀, kì í ṣe ìwàkiwà. Ìkejì, àwọn ará ilé ẹ̀ ò lé e jáde, wọn ò sì pè é ní ọ̀mùgọ̀. Wọ́n jókòó tì í ni.

Ẹ MÁ JU OÒGÙN NÁÀ SÍNÚ ỌSÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí. Tí ẹlòmíì bá ka ohun tí mo kọ sókè yìí tán, á mú gbogbo páálí Valium tó wà nílé, á ní "láti òní lọ, mi ò jẹ ẹ́ mọ́ láéláé," á sì dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè mú un. Ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó lè máa sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ẹ̀mí ẹ̀ lè bọ́ sí i. Tí ẹnikẹ́ni bá ti dá a dúró, tí ara ẹ̀ wá ń gbọ̀n tàbí tí iyè ẹ̀ ń rá, kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ orúkọ oògùn náà, ẹ má fi pamọ́.

Yàtọ̀ sí ti gìrì, nǹkan mìíì wà tí kì í pa èèyàn, àmọ́ tó máa ń dá èèyàn padà sídìí oògùn. Ìrora abẹ́ yẹn á le sí i. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òní nìyí o. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dín oògùn kù, tí búrèkì ti dẹ̀, gbogbo akọ̀ròyìn inú ara ló máa ń pariwo. Ariwo kékeré á dà bí àrá. Ìmọ́lẹ̀ á máa gún ojú, oorun á dá, àwọn iṣan ìsàlẹ̀ ikùn á há, ara á máa ta bí abẹ́rẹ́. Akọ̀ròyìn abẹ́ tó ti ń bínú tẹ́lẹ̀, òun ló sì máa pariwo jù. Á máa gbé ìròyìn iná jáde níbi tí iná ò sí.

Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ mú. Wọ́n á ní, "Ẹ ò rí i? Valium yìí ló ń wo abẹ́ mi sàn. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ ni àìsàn dìde." Rárá o. Kò wò ó sàn, ó kàn di ẹnu ẹ̀ ni. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ báyìí kò túmọ̀ sí pé iṣan yín ti ń já tàbí pé àìsàn náà ti ń tàn kálẹ̀. Ara tó ń kọ́ bó ṣe máa tẹ búrèkì fúnra ẹ̀ padà ni. Àwọn ẹlòmíì sì máa ń sọ pé ayé ló ń ta ọfà sáwọn lábẹ́, wọ́n á máa gbé ara wọn káàkiri orí òkè. Ẹ gbàdúrà, àdúrà dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ààwẹ̀ gbígbẹ gba oògùn lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ mọ ọ̀sà, ẹ mọ bí ìgbì ṣe ń ṣe. Á ru sókè, á tún wálẹ̀. Bí ọjọ́ ṣe máa rí nìyẹn. Ẹ ó ní ọjọ́ mẹ́ta tó dáa, ọjọ́ kẹrin á wá le. Ọjọ́ kẹrin yẹn ò pa mẹ́ta ìyókù rẹ́.

BÁWO LA ṢE Ń DÍN IN KÙ?

Àwọn bàbá wa ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù tó bà lé ẹpọ̀n. Tẹ́ ẹ bá gbá a gbì, ẹ ó pa àmúkùrù, ẹ ó sì pa ara yín lára. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa jẹ yín. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà nikú oògùn yìí.

Obìnrin oníṣègùn kan wà ní Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Heather Ashton lorúkọ ẹ̀. Láti 1982 sí 1994, iṣẹ́ tó ń ṣe ní ilé ìwòsàn ni pé kó máa bá àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ jáwọ́. Ó fetí sí wọn. Nígbà táwọn dókítà mìíì ń sọ pé aláròkàn ni wọ́n, ó gbà pé ìrora tí wọ́n ń ròyìn jẹ́ òótọ́. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn ló kọ sínú ìwé tí gbogbo ayé ń lò dòní. Ó kú ní 2019. Kókó ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò ju méjì lọ: díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa dín in kù, ẹni tó ń jẹ oògùn ló sì yẹ kó sọ bí ìrìn náà ṣe máa yá tó.

Ìlànà táwọn ẹgbẹ́ dókítà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2025 ò jìnnà sí i: kí wọ́n máa yọ ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Tó bá jẹ́ mílígíráàmù 10 lèèyàn ń jẹ lálaalẹ́, ìdá mẹ́wàá ẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 1. Á jẹ 9 fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin, kó tó bọ́ sí nǹkan bíi 8. Tẹ́ ẹ bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, á gbà tó oṣù márùn-ún, ó sì lè tó mẹ́wàá, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bó bá ṣe ń parí lọ ló yẹ kí ohun tẹ́ ẹ̀ ń yọ máa kéré sí i. Tí ara bá fẹ́ yarí, ẹ lè dúró lójú kan fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ ṣáà má sáré padà sókè. Mo fi ìṣirò yìí ṣe àpẹẹrẹ ni o. Dókítà ló máa wo ti oníkálukú, ó sì lè pààrọ̀ Lexotan sí diazepam fún ẹlòmíì torí diazepam máa ń pẹ́ lára jù. Aláboyún, àgbàlagbà àti ẹni tó ní wárápá, kí wọ́n má dá nǹkan kan ṣe láìsí dókítà.

BÍ ÌRORA ṢE LÈ ṢE É GBÉ

Oṣù mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Kí lèèyàn máa fi ìrora abẹ́ ṣe títí dìgbà náà?

Àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹrù kúrò lórí iṣan náà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń gé fóòmù, kí wọ́n gé èyí tó le díẹ̀ fún yín, kí wọ́n sì yọ àárín ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn, kó rí bíi bàtà ẹṣin. Egungun méjèèjì tẹ́ ẹ fi ń jókòó ló máa wà lórí fóòmù, abẹ́ á wà lófìfo. Ẹ gbé e sórí síìtì ọkọ̀, tàbí sórí àpótí tẹ́ ẹ fi ń tajà. Ẹ̀yin awakọ̀, tí ọkọ̀ bá ń wọ èrò, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dúró, ẹ rìn díẹ̀. Télọ̀ lè máa dúró gé aṣọ, kó tó jókòó rán an.

Ìkejì ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ bu ú sínú báàfù, ẹ jókòó sínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́. Mo ní lọ́wọ́ọ́wọ́, mi ò ní gbígbóná tó ń họ èèyàn. Ẹ má fi Dettol, ẹ má fi alọ́ọ̀mù, ẹ má fi nǹkan kan sí i. Iṣan kì í ṣe ìdọ̀tí tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀.

Ìkẹta ni mímí. Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé ikùn, ẹ mí sínú títí ikùn á fi gbé ọwọ́ yẹn sókè, kẹ́ ẹ wá rọra mí síta. Ẹni tó ní ìrora abẹ́ máa ń sé ibẹ̀ láìmọ̀, bíi ẹni tó ń sé ìtọ̀, ìyẹn sì máa ń dá kún un. Ìdí rèé tí mo fi sọ pé kẹ́ ẹ má ṣe eré ìmárale tí wọ́n fi ń fún abẹ́ pọ̀ àyàfi tí onífisiò bá ní kẹ́ ẹ ṣe é. Abẹ́ tó ti há tẹ́lẹ̀, títú ló yẹ kẹ́ ẹ tú u.

Ìkẹrin, ẹ má jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Omi, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà wà lọ́jà. Ẹ dín kọfí àti kólà kù nírọ̀lẹ́, torí oorun tó fẹ́ padà wá ò fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ìkarùn-ún, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ máa kọ iye oògùn tẹ́ ẹ jẹ, bí ìrora ṣe tó nínú mẹ́wàá, àti iye wákàtí tẹ́ ẹ sùn. Lọ́jọ́ tí ìgbì bá ru, ẹ ṣí i, ẹ ó rí i pé irú ẹ̀ ti wá rí, ó sì ti lọ.

Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìrora iṣan wà, bíi amitriptyline díẹ̀ lálẹ́, gabapentin àti pregabalin. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sídìí iṣan náà wà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Gabapentin àti pregabalin náà ò ṣe é dá dúró lójijì, tí wọ́n bá sì pàdé Valium nínú ara láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn, wọ́n lè fa èémí sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ èémí yìí ló mú mi dórí tramadol, ọtí àti paraga. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ pé "jẹ́ kí n fi ife paraga kan ti oògùn oorun mi wọlé," ikú lẹ̀ ń fi ife bù. Ní 2016 ni àjọ Amẹ́ríkà yẹn ti kìlọ̀ pé oògùn ìrora tó jẹ mọ́ ẹbí tramadol àti kódìn, tó bá pàdé Valium, èèyàn lè sùn kó má jí mọ́. Àwa náà mọ ohun tí ojú wa rí kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ oníkódìn wọlé nínú oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ẹ má fi gbèsè san gbèsè.

IBO LẸ MÁA LỌ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nítòsí. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìjẹ̀dẹ̀, ó wà ní Ìkòròdú. Wọ́n lè kọ̀wé gbé yín lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Àwọn onífisiò wà níbẹ̀, wọ́n sì wà ní Ìgbóbì. Ní ti oògùn tó ti di bárakú, Yábàá ni, tàbí Àrò ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé tí mo bá ti dárúkọ Yábàá, ẹ ó ní, "Ṣé wèrè ni mí ni?" Ẹ gbọ́, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ibẹ̀ ti wà, láti 1907, Àrò sì bẹ̀rẹ̀ ní 1954 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò. Ẹni tí oorun dá, tí oògùn mú mọ́lẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ó sàn kí aládùúgbò rí yín ní géètì Yábàá ju kó wá kí àwọn ọmọ yín kú ìdẹra ẹ̀yìn lọ.

Tẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà tí ojú ń tì yín, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́ta yìí: "Abẹ́ ló ń dùn mí, tí mo bá jókòó ló máa ń le. Mo ń jẹ oògùn oorun lójoojúmọ́, orúkọ ẹ̀ àti iye ẹ̀ rèé. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Tí ẹni yẹn bá yọ ṣùtì, ẹ wá ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Tí bàbá bá ń bínú láìnídìí láàárín oṣù wọ̀nyí, tí ìyá bá ní òun ò lè jókòó nílé ìjọsìn, ẹ má sọ pé ìwà ló kù. Tí tọkọtaya ò bá lè sún mọ́ ara wọn lórí bẹ́ẹ̀dì torí ìrora, kì í ṣe pé àlè wà níta. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé máa bá a tọ́jú oògùn, kó máa yọ èyí tó yẹ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kó má bàa di pé nínú òkùnkùn òru, ìrora á sọ pé "fi méjì kún un."

Iṣan tó bínú lè tutù, ara tó gbàgbé búrèkì sì lè tún un kọ́. Àwọn tó ti la irú ẹ̀ kọjá pọ̀, wọn kì í kàn-án sọ ọ́ ni, torí abẹ́ ni. Kí Ọlọ́run fún olúkúlùkù ní sùúrù tó máa fi rìn ín dé òpin. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tá a bá tún pàdé lójú ewé yìí, ẹ rọra jókòó o.